Káàdì Ló Kọ́ Mi ní Kọ̀ǹpútà

Ẹ kú ìjókòó o. Ẹ̀yin ọ̀gá wa tí ẹ ti fẹ̀yìn tì, ẹ ṣeun tí ẹ wá. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́, Olúwa á jẹ́ ká jèrè rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iṣẹ́ yìí, ẹ̀yin ni mo bá wá jù, àmọ́ mo fẹ́ kí àwọn àgbà náà gbọ́ ọ, torí ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè.

Wọ́n ní kí n wá sọ bí mo ṣe kọ́ àwọn irinṣẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì tí a fi ń ṣiṣẹ́ ilé ìkàwé báyìí. Orí káàdì ni mo máa ti bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni mo ti kọ́ ọ.

Lọ́dún tí mo wọ iṣẹ́ nílùú Ìbàdàn yìí, ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n sẹ́yìn, dúrọ́ọ̀ káàdì tí a fi ń wá ìwé ló gba gbogbo ẹ̀gbẹ́ ògiri kan ní iyàrá ìkàwé wa. Ẹ̀yin àgbà mọ̀ ọ́n. Káàdì kan kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ihò wà nísàlẹ̀ rẹ̀ tí ọ̀pá irin inú dúrọ́ọ̀ ń gbà kọjá kó má baà já bọ́. Ìwé kan ṣoṣo lè ní káàdì mẹ́rin tàbí márùn-ún: ọ̀kan fún orúkọ òǹkọ̀wé, ọ̀kan fún àkọlé, ìyókù fún ohun tí ìwé náà dá lé lórí. Táípúráítà la fi ń tẹ̀ ẹ́. Táípúráítà tiwa kò ní ẹ, kò ní ọ, kò ní ṣ. Tí a bá tẹ káàdì ìwé Yorùbá tán, a ó yọ ọ́, a ó mú bírò dúdú, a ó wá máa fi àmì sí i lọ́kọ̀ọ̀kan, tòkè tìsàlẹ̀.

Ìyá tó kọ́ mi níṣẹ́ a máa gbé káàdì tí mo bá ṣe lọ sídìí fèrèsé, á gbé e sókè síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Tí àmì ìsàlẹ̀ kan bá sọnù, á dá a padà fún mi. Lọ́jọ́ kan ó dá méjìlá padà láàárọ̀ kan ṣoṣo, ojú mi sì fà ro. Ó wá fà mí sún mọ́ra, ó ní, "Ẹni tó ń bọ̀ wá wá ìwé yìí kò mọ̀ ẹ́. Ó lè jẹ́ pé o ti fẹ̀yìn tì kó tó dé. Káàdì yìí nìkan ló máa bá sọ̀rọ̀." Gbogbo ohun tí mo kọ́ lórí kọ̀ǹpútà lẹ́yìn ìgbà náà, orí ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbé e lé.

Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé ọ̀dọ̀ wa, ẹ̀rù bà mí. Mo rò pé wọ́n fẹ́ fi ọmọ tó mọ kọ̀ǹpútà rọ́pò wa ni, àwọn kan nínú wa sì sọ ọ́ jáde lẹ́nu. Wọ́n ní kí àgùnbánirọ̀ kan kọ́ wa. Ọmọ dáadáa ni, ó kàwé, ó lọ́wọ̀. Àmọ́ bó ṣe ń kọ́ wa rèé: á jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, á di máòsì mú, á tẹ ibí, á tẹ ọ̀hún, ó tán. Á ní, "Ṣé ẹ rí i, mà?" A ó ní a rí i. Òótọ́ la sì sọ, a rí i. Bó bá ti lọ tán, kò sí ẹni tó lè ṣe é láàárín wa. Oṣù méjì ló fi kọ́ wa báyìí, kò sì sí nǹkan kan lọ́wọ́ wa nígbà tó parí ìsìnrú ìlú rẹ̀ tó lọ.

Ẹni tó tẹ̀lé e ni mo jẹ ní gbèsè. Ọmọbìnrin kékeré kan ni, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ẹnu iṣẹ́ ló gbé e wá. Ìgbà tí mo pè é pé kó wá bá mi wo nǹkan kan, ó dúró sẹ́yìn àga mi, ó fi ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn bí ẹni tó wà lórí ìlà ní ilé ẹ̀kọ́, ó ní, "Ẹ tẹ̀ ẹ́ fúnra yín, mà. Mo wà níbí." Mo tẹ ohun tí kò yẹ. Kò nawọ́. Mo tún un tẹ̀. Ìṣẹ́jú ogún ni mo fi ṣe ohun tí òun lè fi ìṣẹ́jú kan ṣe, mi ò sì gbàgbé ẹ̀ títí di òní. Ẹ̀yin ọmọ wa, tí ẹ bá fẹ́ kọ́ ọ̀gá yín ní nǹkan, ẹ fi ọwọ́ yín sẹ́yìn. Ó ṣòro fún ẹni tó mọ nǹkan láti máa wo ẹni tí kò mọ̀ ọ́n tó ń ṣe é, ṣùgbọ́n ẹ mú sùúrù, ẹ fi sílẹ̀ fún wọn.

Ìgbà tó yá ni mo wá gbọ́ pé àwọn kan ti ronú sí ọ̀rọ̀ yìí níbòmíràn. Lọ́dún 2006, ní ilé ìkàwé ìlú Charlotte ní Amẹ́ríkà, obìnrin kan tó ń jẹ́ Helene Blowers ṣètò kan fún àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀, ohun mẹ́tàlélógún ni kí kálukú gbìyànjú rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Wọn ò kó wọn jọ sínú kíláàsì. Kálukú ń fi àkókò tirẹ̀ ṣe é, ó ń fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é, ó sì ń kọ ohun tó rí sílẹ̀. Wọ́n fún ẹni tó bá parí rẹ̀ ní ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń gbọ́ orin. Ètò náà tàn kálẹ̀ láti ilé ìkàwé dé ilé ìkàwé káàkiri ayé. Ẹ̀bùn yẹn dára, àmọ́ ohun tó wù mí jù níbẹ̀ ni pé wọ́n gbà fún òṣìṣẹ́ láti fi wákàtí iṣẹ́ kọ́ nǹkan. Lọ́dọ̀ wa, tí ọ̀gá bá rí ẹ tí ò ń tẹ kọ̀ǹpútà láìsí òǹkàwé níwájú rẹ, á rò pé eré lò ń ṣe. Ẹ̀yin ọ̀gá tó wà níbí, mo bẹ̀ yín, ẹ fún àwọn ọmọ yín ní wákàtí kan lọ́sẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò ní bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ń tẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n bọ́ sórí Koha, torí òun ni mo bá jìjàkadì jù. Ọ̀pọ̀ yín ló mọ̀ ọ́n: òun ni káátálọ́ọ̀gì orí kọ̀ǹpútà tí a fi ń kọ ìwé sílẹ̀, tí a fi ń yá wọn, tí a fi ń gbà wọ́n padà. Láti New Zealand ló ti wá. Lọ́dún 1999, àwọn ilé ìkàwé kan ní Horowhenua ń lo ẹ̀rọ àtijọ́ tí kò ní lè rékọjá sọ́dún 2000. Wọn ò ní owó tí wọ́n máa fi ra tuntun. Wọ́n ní kí ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe ètò kọ̀ǹpútà kọ ọ̀kan fún àwọn, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 2000, wọ́n sì gbé e jáde fún gbogbo ayé lọ́fẹ̀ẹ́. Koha, lédè àwọn Māori tó ni ilẹ̀ náà, ẹ̀bùn ló ń jẹ́, irú ẹ̀bùn tó jẹ́ pé ẹni tó gbà á mọ̀ pé òun náà á fún ni lọ́jọ́ kan.

Ó dùn mọ́ mi nínú nígbà tí mo mọ ibi tó ti wá, torí pé New Zealand kan náà ni John Harris ti wá, ẹni tó jẹ́ olùtọ́jú ilé ìkàwé àkọ́kọ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn nígbà tí wọ́n dá ibẹ̀ sílẹ̀ ní 1948. Ogún ọdún ló lò níbẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960 ni Ìbàdàn ti ní ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ ilé ìkàwé ní yunifásítì, àwọn ọ̀gá àwọn ọ̀gá wa kan sì jáde níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni orílẹ̀-èdè kékeré yẹn ti fún wa ní nǹkan, mo sì ti ń bi ara mi pé kí ni a máa fi ránṣẹ́ padà.

Ó dá mi lójú pé ohun tí a lè fún wọn wà nínú èdè wa. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé.

Bàbá kan, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, wá láti Òkè-Àdó lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan. Ìwé pẹlẹbẹ kan lórí ìtàn ìjọ wọn ló ń wá. Ó ti tẹ àkọlé rẹ̀ sínú káátálọ́ọ̀gì wa lórí fóònù rẹ̀, ó fi gbogbo àmì sí i pátápátá, bó ṣe yẹ kí olùkọ́ ṣe é. Káátálọ́ọ̀gì ní kò sí. Bàbá ní, "Ìyá, ẹ ò ní i ni?" Mo mọ̀ pé a ní i. Èmi ni mo tẹ káàdì rẹ̀ nígbà náà lọ́hùn-ún, èmi náà ni mo gbé e sínú Koha. Mo dìde, mo lọ sí ṣẹ́ẹ̀fù, mo mú un wá fún wọn. Wọ́n súre fún mi. Ṣùgbọ́n mi ò sinmi, torí pé tí n ò bá sí níjókòó lọ́jọ́ yẹn ńkọ́? Bàbá á kàn padà sílé ni.

Èmi àti ọmọ tó ń bójú tó sáfà wa, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí káátálọ́ọ̀gì wà nínú rẹ̀, jókòó tì í títí ilẹ̀ fi ṣú. A kọ àkọlé bàbá àti àkọlé tiwa sórí ara wọn. Lẹ́tà kan náà ni ojú ń rí. Ọmọ yìí wá ní kí n fi bọ́tìnì ìparẹ́ pa ẹ́ kan rẹ́. Nínú èyí tí bàbá tẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì kó tó lọ: àmì òkè kọ́kọ́ lọ, lẹ́yìn náà ni ẹ fúnra rẹ̀. Nínú tèmi, ẹ̀ẹ̀mẹta ni: àmì kan lọ, àmì kejì lọ, e wá ṣẹ́kù, kó tó wá lọ. Ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ yé mi. Kọ̀ǹpútà kò mọ lẹ́tà, nọ́ńbà ló mọ̀. Ó ní nọ́ńbà kan fún ẹ lódindi, ẹlòmíràn sì lè kọ e kó wá fi nọ́ńbà àmì ìsàlẹ̀ tẹ̀lé e. Àwọn mìíràn a tún máa fi igi kékeré sábẹ́ rẹ̀ dípò àmì róbótó, nọ́ńbà tìyẹn tún yàtọ̀. Ẹ̀dá lẹ́tà mẹ́ta, ojú kan. Ẹ tún wá wò ó: Faransé ní nọ́ńbà kan ṣoṣo fún é tirẹ̀, àmọ́ kò sí nọ́ńbà kan ṣoṣo fún ẹ́ tiwa. Gbogbo ìgbà la máa ń so ó pọ̀ ni.

Àtúnṣe wà fún un. Koha ní ètò kan tí wọ́n ń pè ní ICU tó ń jẹ́ kó ka oríṣiríṣi lẹ́tà yìí sí ọ̀kan. Tí wọn ò bá tan án, àwọn ìwé Yorùbá yín á wà níbẹ̀ bí òkùnkùn. Ọmọ náà tan án, ó ní kí ẹ̀rọ tún gbogbo àkọsílẹ̀ tò láti alẹ́ mọ́jú. Lọ́jọ́ kejì, mo tẹ àkọlé bàbá bó ṣe tẹ̀ ẹ́, ó jáde. Mo pè wọ́n lórí fóònù láti sọ fún wọn. A sì fẹnu kò pé kííbọ́ọ̀dù kan náà ni gbogbo àwa tó ń kọ káátálọ́ọ̀gì máa lò.

Síbẹ̀ ẹ̀rọ kò lè parí iṣẹ́ náà, ibí yìí ni mo sì fẹ́ kí ẹ fi ọkàn sí jù. Nígbà tí ẹ̀rọ bá ti gbójú fo àmì, ẹni tó tẹ "oko" á rí ìwé nípa oko tí à ń dá, nípa ọkọ tó ní aya, nípa ọkọ́ tí à ń fi roko, nípa ọkọ̀ tí à ń wọ̀ lọ sí Dùgbẹ̀. Kí ló máa yà wọ́n sọ́tọ̀? Iṣẹ́ àtijọ́ náà ni: kókó ọ̀rọ̀ tí a kọ sí àyè tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 650 nínú àkọsílẹ̀ ìwé, èyí tó jẹ́ káàdì kókó ọ̀rọ̀ láyé ọjọ́un. Ẹni tó bá kọ àkọlé ní 245, àyè àkọlé, tó sì sá fún 650 torí pé ó ń kánjú, ó ti da gbogbo ọkọ̀ àti ọkọ́ pọ̀ mọ́ra nínú àpò kan.

Ti àkọtọ́ tún wà níbẹ̀. Yorùbá ti ń tẹ̀wé tipẹ́. Ní Abẹ́òkúta ni ìwé ìròyìn Yorùbá tó ń jẹ́ Ìwé Ìròhìn ti jáde ní 1859. Láti ìgbà náà, ọwọ́ ìkọ̀wé wa ti yí padà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Kí àkọtọ́ tí a fọwọ́ sí ní 1974 tó dé, aiye ni wọ́n ń kọ, enia ni wọ́n ń kọ, nwọn ni wọ́n ń kọ, Oshogbo sì ni wọ́n ń kọ. Ọmọ tó wà nílé ẹ̀kọ́ lónìí á tẹ "ayé", á tẹ "ènìyàn", á tẹ "Òṣogbo". Káátálọ́ọ̀gì fúnra rẹ̀ kò ní sọ fún un pé aiye àti ayé, ọ̀kan náà ni. Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá tó sì mọ iṣẹ́ ilé ìkàwé nìkan ló lè sọ ọ́, 246, àyè fún ọ̀nà mìíràn tí a lè gbà kọ àkọlé, ló sì máa kọ ọ́ sí. Ní 246, mo máa ń kọ àkọlé lákọtọ́ òde-òní, mo sì tún ń kọ ọ́ láìsí àmì kankan. Àkọlé tó wà lára ìwé ò kúrò ní 245, bí òǹkọ̀wé ṣe kọ ọ́ ni mo ń fi í sílẹ̀. Ìṣẹ́jú méjì ni ó ń gbà lórí ìwé kan. Irú nǹkan báyìí ni mo ní lọ́kàn nígbà tí mo sọ pé a ní ohun tí a lè fún ayé. Káátálọ́ọ̀gì wa lè jáde sọ́wọ́ gbogbo ayé nísinsìnyí. Tí a bá kọ ọ́ dáadáa ní Ìbàdàn, ẹni tó wà ní Brazil á rí i.

Mi ò ní pẹ́ lórí àwọn irinṣẹ́ yòókù. Ẹ kọ́ Hinari, tí Àjọ Ìlera Àgbáyé bẹ̀rẹ̀ ní 2002 pẹ̀lú àwọn tó ń tẹ jọ́nà, ìyẹn ìwé ìwádìí, ìmọ̀ ìṣègùn, kí àwọn orílẹ̀-èdè tí kò lówó lè rí wọn kà. Orílẹ̀-èdè wa wà lára àwọn tó ń jàǹfààní rẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan wá bá mi lálẹ́ ọjọ́ kan, ìwádìí lórí àwọn ọmọ tí wọ́n bí kí oṣù wọn tó pé ló ń wá, ìkànnì kan sì ń béèrè dọ́là lọ́wọ́ rẹ̀. Ibi tó jókòó sí yẹn ló ti kà á tán láìsan kọ́bọ̀. Ẹ kọ́ Wikipẹ́díà Yorùbá pẹ̀lú, kí ẹ máa fi orísun ọ̀rọ̀ sí i, torí pé ibẹ̀ ni àwọn ọmọ wa ti ń kọ́kọ́ kà.

Ní ti àwọn ẹ̀rọ tó ń dáni lóhùn bí ènìyàn, irú ChatGPT tó jáde ní ìparí 2022, ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ kan láti Àgbówó mú ìwé kan wá, àkọlé àpilẹ̀kọ méje ni ó kọ sí i, ó ní kí n bá òun wá wọn. Orúkọ jọ́nà wà níbẹ̀, orúkọ òǹkọ̀wé wà níbẹ̀, ọdún àti ojú ewé pé. Mo wá èkínní, mi ò rí i. Mo wá èkejì. Mo wá lọ sórí ìkànnì jọ́nà náà fúnra rẹ̀, mo ṣí ìdìpọ̀ ọdún yẹn, mo ka ojú ewé tó kọ: iṣẹ́ ẹlòmíràn ló wà níbẹ̀. Mo tẹ DOI rẹ̀, nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá àpilẹ̀kọ kọ̀ọ̀kan mọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, èyí tó máa ń fi 10 bẹ̀rẹ̀, ó gbé mi lọ síbi ìwádìí nípa ẹja. Ọ̀kan ṣoṣo nínú méjèèje ló wà láyé. Omijé fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú ọmọ náà, torí pé ó ti kọ orí kejì iṣẹ́ rẹ̀ lé wọn. Mi ò bá a wí. Kò sí ẹni tó sọ fún un rí pé ẹ̀rọ yẹn mọ bí orísun ìwádìí ṣe máa ń rí, ó sì lè hun èyí tí kò sí. A jókòó, a bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́, mo fi tèmi sẹ́yìn. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi wá, ó rí mọ́kànlá tó jẹ́ òótọ́.

Èmi náà ń lo ẹ̀rọ yẹn o. Mo máa ń ní kó bá mi to lẹ́tà, kó bá mi ronú àwọn ọ̀rọ̀ tí mo lè fi wá nǹkan. Ṣùgbọ́n mi ò jẹ́ gba àkọlé ìwé lẹ́nu rẹ̀ láìrí ìwé náà, bí ìyá yẹn kò ṣe jẹ́ gba káàdì lọ́wọ́ mi láìgbé e lọ sídìí fèrèsé.

Ohun kan kù tí mo gbọ́dọ̀ sọ, torí ó dùn mí. Lóṣù Ọ̀pẹ ọdún kan, iná dé lójijì pẹ̀lú agbára, ó ba kọ̀ǹpútà tí gbogbo iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta wa wà nínú rẹ̀ jẹ́. Ìwé tó lé ní irinwó. A ò ṣe ẹ̀dà síbòmíràn. Mo jókòó sórí àga mi, mi ò lè sọ̀rọ̀. Ohun tó kó wa yọ ni pé a ò tíì da àwọn káàdì àtijọ́ nù. Inú dúrọ́ọ̀ ni mo ti yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, a sì tún gbogbo rẹ̀ tẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ibi mẹ́ta ni ẹ̀dà tiwa ń wà, ọ̀kan sì wà níta ọgbà wa. Ìgbà tí àwọn wáyà abẹ́ òkun já ní oṣù kẹta ọdún 2024, tí íntánẹ́ẹ̀tì dáwọ́ dúró káàkiri ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, káátálọ́ọ̀gì wa ń ṣiṣẹ́ lọ nínú ilé, torí pé sáfà wa wà lọ́dọ̀ wa. Ẹ má ṣe gbé gbogbo nǹkan yín lé orí okùn kan tó wà lábẹ́ òkun.

Àpótí mẹ́sàn-án ìwé pẹlẹbẹ Yorùbá ló ṣì wà nínú yàrá ẹ̀yìn wa tí kò sí nínú káátálọ́ọ̀gì kankan: ìwé ìjọ, ìwé ẹgbẹ́, ìwé ìtàn agboolé, ètò ìsìnkú àwọn àgbà ìlú yìí. Mo ti parí mẹ́ta. Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, láago mẹ́sàn-án, a máa ṣí ìkẹrin. Ẹ̀yin ọmọ tó bá fẹ́ wá, ẹ fi kííbọ́ọ̀dù Yorùbá sórí fóònù yín kí ẹ tó kúrò nílé. Ẹ̀yin àgbà, ẹ bá wa mú awò yín dání, torí àwọn kan nínú ìwé yẹn, ẹ̀yin nìkan lẹ máa mọ àwọn tí wọ́n dárúkọ níbẹ̀. Àga wà nídìí fèrèsé.